Kámẹ́rà Aláìnídígí: Èwo Ni Kí Ẹ Rà, Báwo Ni Ẹ Ó Sì Ṣe Lò Ó?

Iye mẹ́gápíksẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè bí wọ́n bá fẹ́ ra kámẹ́rà. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì ló yẹ kó ṣíwájú. Kí ni ẹ fẹ́ máa yà? Lẹ́ńsì wo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́? Ṣé wọ́n ń ṣe lẹ́ńsì náà fún ẹnu kámẹ́rà (ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọlé) tí ẹ ń wò yìí, ṣé apá yín sì ká iye rẹ̀? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan kámẹ́rà tán. Ara kámẹ́rà tuntun kò ní yé jáde, èyí tó wà lọ́wọ́ yín á sì di ti àná láìpẹ́. Lẹ́ńsì gidi kì í tètè darúgbó. Ẹnu kámẹ́rà tí ẹ bá sì kọ́kọ́ wọ̀ ni ẹ ó máa bá lọ, torí bí lẹ́ńsì bá ti pé mẹ́ta lọ́wọ́ yín, owó tó wà nínú wọn á ti ju ti ara kámẹ́rà lọ, kíkúrò níbẹ̀ á sì nira.

Onídígí tàbí aláìnídígí

Nínú kámẹ́rà onídígí, èyí tí a mọ̀ sí DSLR, dígí kan wà ní ìdagẹ̀rẹ̀ níwájú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di fọ́tò. Òun ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ńsì wọlé lọ sókè, síbi ihò tí ẹ ń fojú wò. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á ta sókè, ṣọ́tà, ìyẹn aṣọ tó bo sẹ́ńsọ̀, á ṣí, sẹ́ńsọ̀ á gba ìmọ́lẹ̀, dígí á sì padà sáyè rẹ̀. Nínú aláìnídígí, èyí tí wọ́n ń pè ní mirrorless, kò sí dígí yẹn rárá. Orí sẹ́ńsọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ tààrà, ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sì rí ló ń hàn sí yín, yálà lójú síkírìnì ẹ̀yìn kámẹ́rà tàbí nínú síkírìnì kékeré tó wà nínú ihò ìwòran. Panasonic gbé Lumix G1 jáde ní 2008, Sony gbé A7 tó ní sẹ́ńsọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní full frame jáde ní 2013, Canon àti Nikon sì gbé tiwọn lórí full frame dé ní 2018 pẹ̀lú EOS R àti Z6 òun Z7. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn aláìnídígí ni àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì ń tò sí.

Èrè àkọ́kọ́ ni pé ẹ ń rí bí fọ́tò yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Èkejì, tó sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń ya èèyàn, ni fókọ́ọ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀tọ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ dígí ló ń wọn fókọ́ọ̀sì DSLR. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ sí ti sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò gangan, fókọ́ọ̀sì á máa bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn: etí á mọ́ kedere, ojú á sì ṣú. Aláìnídígí kò ní ìṣòro yìí, torí sẹ́ńsọ̀ kan náà ló ń wọ̀n tó sì ń yà. Ó tún lè dá ẹyinjú mọ̀ láti igun kan síkírìnì dé ìkejì, kó sì máa tẹ̀ lé e bí ẹni náà ṣe ń rìn.

Ibi tí DSLR ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni bátìrì. Nínú ìdánwò CIPA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ní Japan, Nikon D850 onídígí ya fọ́tò 1,840 lórí bátìrì kan; Nikon Z8 aláìnídígí ya bíi 340. Lójú iṣẹ́, ẹ ó rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí ẹ bá ń yà léraléra láìdúró. Síbẹ̀, ẹ máa ka bátìrì méjì mìíràn mọ́ owó kámẹ́rà yín látìbẹ̀rẹ̀. Ohun kejì ni ewu tó ń wu sẹ́ńsọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wo inú kámẹ́rà, sẹ́ńsọ̀ wà ní gbangba lẹ́yìn lẹ́ńsì. Iná lésà ibi ijó àti orin lè jó ojú sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmì náà kò sì ní kúrò mọ́. Bí lésà bá ń tàn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ má dojú lẹ́ńsì kọ ọ́.

Bí ẹ bá ti ní DSLR tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́ńsì tó dára, tí ẹ kì í sì í ya fídíò tàbí ohun tó ń sáré, kò sí ohun tó ń lé yín. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, aláìnídígí ni kí ẹ lọ rà.

Ìtóbi sẹ́ńsọ̀

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí (mm ni gígùn lẹ́ńsì; iye f/ ni bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe fẹ̀ tó):

| | Micro Four Thirds | APS-C | Full frame |
|---|---|---|---|
| Ìtóbi ní mílímítà | 17.3 × 13 | bíi 23.5 × 15.6 (Canon: 22.3 × 14.9) | 36 × 24 |
| Ohun tí ẹ ó fi sọ gígùn lẹ́ńsì di púpọ̀ | 2 | 1.5 (Canon: 1.6) | 1 |
| Lẹ́ńsì tó ń rí ibi tí mm 50 ń rí lórí full frame | mm 25 | bíi mm 33 | mm 50 |
| Ohun tó ń pa ẹ̀yìn rẹ́ bíi f/4 lórí full frame | f/2 | bíi f/2.8 | f/4 |
| Ibi tí ojú lẹ́ńsì kékeré ti ń sọ fọ́tò di rírọ̀ | bíi f/8 | bíi f/11 | bíi f/16 |

Ìlà kẹta àti ìkẹrin ló yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìpolówó ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lẹ́ńsì mm 25 f/1.4 lórí Micro Four Thirds ń gba ìmọ́lẹ̀ f/1.4 lóòótọ́, iye ṣọ́tà tí ẹ ó lò, ìyẹn bó ṣe máa ṣí pẹ́ tó, kò yàtọ̀ sí ti f/1.4 mìíràn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pa ẹ̀yìn fọ́tò rẹ́ kò ju ti mm 50 f/2.8 lọ lórí full frame. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú nìkan mọ́, kí ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn di àwọ̀ lásán, yóò rí i lórí full frame pẹ̀lú lẹ́ńsì tí kò gbówó lórí bẹ́ẹ̀.

Ní ti òkùnkùn, ojú full frame fẹ̀ ju ti Micro Four Thirds lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, bó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ ni à ń pè ní ìpele kan, nítorí náà ìpele méjì ló wà láàárín wọn. Fọ́tò ISO 6400 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó) lórí full frame á ní hóró, ìyẹn àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ISO 1600 lórí Micro Four Thirds dọ́gba. Láàárín APS-C àti full frame, ìpele kan àti díẹ̀ ni. Ṣé ìpele kan tó ohun tí èèyàn ń san ìlọ́po owó lé lórí? Nínú gbọ̀ngàn tí iná kò tó, tí àwọn èèyàn sì ń jó, bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbangba lọ́sàn-án, tàbí níbi tí ẹ ti lè gbé fláàṣì jáde, ẹnikẹ́ni kò ní fi ojú mọ̀ ọ́n.

Sẹ́ńsọ̀ kékeré náà ní ibi tirẹ̀. Lẹ́ńsì mm 300 lórí Micro Four Thirds ń fà á súnmọ́ bíi mm 600, ẹ sì lè gbé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń ya ẹyẹ ń jèrè èyí lójoojúmọ́. Fún ẹni tó bá ń ya oríṣiríṣi nǹkan, tí kò tíì mọ ibi tí iṣẹ́ á gbé e lọ, APS-C ni a máa ń dá lábàá: kò wúwo, lẹ́ńsì rẹ̀ kò wọ́n jù, òkùnkùn kò sì tètè dá a dúró.

Ní ti mẹ́gápíksẹ̀lì, ẹ wo Canon R50 tó ní 24.2 àti Nikon Z50II tó ní 20.9. Ó jọ pé ààyè ńlá wà láàárín wọn. Fọ́tò ti àkọ́kọ́ fẹ̀ ní píksẹ̀lì 6000, ti ìkejì 5568. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá mẹ́wàá lórí bébà. Ìgbà tí ẹ bá ń gé fọ́tò gan-an, tàbí tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ògiri, ni 33, 40 tàbí 61 ń wúlò. Fáìlì ńlá náà sì ń béèrè káàdì tó yára, kọ̀ǹpútà tó lágbára àti ààyè ìkópamọ́.

Ẹnu kámẹ́rà àti lẹ́ńsì

Ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọ ara kámẹ́rà ni à ń pè ní ẹnu rẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Sony ń lo E, Canon ń lo RF, Nikon ń lo Z, Fujifilm ń lo X. Panasonic àti OM System jọ ń lo Micro Four Thirds. Leica, Panasonic àti Sigma sì jọ ń lo ẹnu L, wọ́n kéde àjọṣe náà ní 2018. Ẹnu kan kò gba lẹ́ńsì òmíràn láìsí àdápítà, ìyẹn òrùka tó ń so wọ́n pọ̀.

Ẹnu E ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi Sigma àti Tamron ti ń ṣe lẹ́ńsì fún jù, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣọ́ owó ti ń rí àṣàyàn tó pọ̀, tuntun àti àlòkù. Ẹnu RF ṣí ilẹ̀kùn fún Sigma àti Tamron ní 2024, lẹ́ńsì APS-C ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹnu X, Fujifilm gbájú mọ́ APS-C pátápátá, wọ́n sì ń ṣe lẹ́ńsì kéékèèké tó ní f/1.4 àti f/2 fún un. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe APS-C pọ̀ mọ́ full frame, lẹ́ńsì dáradára tí wọ́n ṣe fún APS-C gan-an kì í pọ̀. Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó ní lẹ́ńsì DSLR àtijọ́ kò ní láti jù ú nù. Láti ẹnu Canon EF dé sẹ́ńsọ̀ jẹ́ mílímítà 44. Ní ẹnu RF, 20 péré ni. Ti Nikon F jẹ́ 46.5, ti Z jẹ́ 16. Àdápítà wá dí ààyè tó ṣẹ́ kù náà láìsí gíláàsì kankan nínú rẹ̀, fọ́tò kò sì bàjẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé lẹ́ńsì Nikon tí kò ní mọ́tò nínú ara rẹ̀, irú AF-D, kò ní mú fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lórí FTZ, àdápítà Nikon. Ọwọ́ ni ẹ ó fi máa yí i. Ẹ kò sì lè gbé lẹ́ńsì aláìnídígí padà sórí DSLR, torí á jìnnà jù sí sẹ́ńsọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fífi lẹ́ńsì APS-C sórí ara full frame. Ó wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń lò: mẹ́gápíksẹ̀lì 33 Sony A7 IV á di bíi 14, 24 Canon R8 á di bíi 9.

Lẹ́ńsì wo ni ẹ ó wá kọ́kọ́ rà? Súùmù tó ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, bíi mm 16 sí 50 f/3.5–5.6, wúlò ní gbangba. Nínú ilé, tí ẹ bá fà á dé mm 50, f/5.6 ló kù fún yín. Lẹ́ńsì mm 35 f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fi ìpele mẹ́ta àti díẹ̀ jù ú lọ. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi ju èyí tó wà láàárín APS-C àti full frame. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ ra ara tó rọjú pẹ̀lú lẹ́ńsì f/1.8 kan, dípò ara olówó gọbọi pẹ̀lú súùmù inú páálí.

Ṣọ́tà, àti ohun tó ń di sẹ́ńsọ̀ mú

Aláìnídígí lè ní oríṣi ṣọ́tà mẹ́ta. Ti ẹ̀rọ ní aṣọ méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé. Nínú ìkejì, sẹ́ńsọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, aṣọ ṣọ́tà ló ń parí. Ó ń dín gbọ̀n-ọ̀n-gbọ̀n kù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ẹ̀kẹta kò lo aṣọ kankan, sẹ́ńsọ̀ nìkan ló ń ṣe é, kò sì dún rárá.

Ṣọ́tà aláìdún náà dára nínú ibi ìjọsìn tàbí ibi ìpàdé, ṣùgbọ́n òun ló ń ba fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́ jù. Sẹ́ńsọ̀ kì í ka gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń kà á, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Lórí sẹ́ńsọ̀ tó lọ́ra, bíi ti A7 IV, kíkà yìí lè gba nǹkan bí 1/15 ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó bá ń sáré kọjá á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, igi tí ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù dì mú á ká bí ọ̀pẹ tí afẹ́fẹ́ ń dà. Lábẹ́ iná LED, ìlà dúdú àti funfun á dà bo fọ́tò, torí iná ń ṣẹ́jú nígbà tí kíkà ń lọ. Fláàṣì pẹ̀lú kì í tàn lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó bá wà lórí ṣọ́tà yìí. Sẹ́ńsọ̀ stacked, èyí tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lé orí ara wọn, ń kà á kíá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dín ìṣòro náà kù gan-an. Sony A9 III tiẹ̀ ń ka gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí títẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ISO rẹ̀ tó kéré jù nínú ètò rẹ̀ jẹ́ 250.

Canon R50 àti R8 kò ní ṣọ́tà ẹ̀rọ ní kíkún. Oríṣi kejì àti ìkẹta ni wọ́n ní. Tí ẹ bá ń lo lẹ́ńsì f/1.2 tàbí f/1.4 ní oòrùn pẹ̀lú ṣọ́tà 1/2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀, àwọn róbótó iná tó wà lẹ́yìn á dà bí ẹni pé ọ̀bẹ gé wọn ní apá kan. Ẹ fi gíláàsì ND tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù síwájú lẹ́ńsì, kí ṣọ́tà lè wálẹ̀ sí 1/1000 tàbí kó kéré sí i.

Ní ti IBIS, ìyẹn ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ rọra sún láti fagi lé gbígbọ̀n ọwọ́ yín: ó jẹ́ kí ẹ lè di kámẹ́rà mú ní 1/8 tàbí 1/4 kí ilé àti odi sì mọ́ kedere. Ọwọ́ yín nìkan ló ń wò sàn. Ọmọdé tó ń sáré á ṣì fà ní 1/15, bí ìpele tí wọ́n kọ sára páálí tiẹ̀ jẹ́ 8. Ẹni tó ń ya èèyàn nìkan lè gbé láìsí IBIS, torí 1/160 ni yóò máa lò níbẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò lọ́wọ́, inú ilé ìtàn, tàbí ìlú lálẹ́ láìgbé tírípọ́ọ̀dù, kó má rà á láìní IBIS.

Méjì-méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

*Canon R50 tàbí Nikon Z50II.* APS-C ni méjèèjì, kò sí IBIS nínú èyíkéyìí. R50 fúyẹ́, gíráàmù 375 ni pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, Z50II sì tó bíi 550. Ohun tí Z50II fi ìwúwo rẹ̀ san ni ṣọ́tà ẹ̀rọ ní kíkún, ààyè fún káàdì UHS-II tó yára, ibi ìdìmú tó kún ọwọ́, àti bọ́tìnnì yíyí méjì tí ẹ lè fi yí ṣọ́tà àti ojú lẹ́ńsì láìwọ mẹ́nù. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò kó mú Z50II. Ẹni tó fẹ́ ohun tí yóò máa wà nínú àpò ní gbogbo ìgbà, R50 ni tirẹ̀.

*Sony a6700 tàbí Fujifilm X-T5.* Méjèèjì ní IBIS. a6700 ní mẹ́gápíksẹ̀lì 26, X-T5 ní 40. Fókọ́ọ̀sì Sony máa ń di ẹni tó ń rìn mú ṣinṣin ju ti Fujifilm lọ, síkírìnì rẹ̀ sì ń yí padà kọjú sí ẹni tó ń ya ara rẹ̀ ní fídíò. Ti X-T5 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. X-T5 ní ààyè káàdì méjì, a6700 ní ẹyọ kan. Ẹni tó ń gbowó ya ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ fi ojú pàtàkì wo èyí, torí káàdì lè kú lójijì, kò sì sí ẹni tó lè pe àwọn àlejò padà. Lórí X-T5, iye ṣọ́tà àti ISO wà lórí bọ́tìnnì yíyí tí ẹ lè kà kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí nǹkan á gbádùn rẹ̀.

*Canon R8 tàbí R6 Mark II.* Sẹ́ńsọ̀ full frame kan náà, fókọ́ọ̀sì kan náà. Bí ẹ bá gbé fọ́tò wọn síbi kan, ẹ kò ní mọ èwo ni èwo. R6 Mark II fi IBIS, ààyè káàdì méjì, bátìrì ńlá àti ṣọ́tà ẹ̀rọ kún un. Bí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ bá ní iná tiyín, tí ẹ sì lè sọ fún ẹni tí ẹ ń yà pé kó tún un ṣe, R8 tó, kí ẹ sì fi owó tó kù ra lẹ́ńsì. Níbi ayẹyẹ tí ohun kan kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, R6 Mark II.

*Sony A7 IV* wà fún ẹni tó fẹ́ mẹ́gápíksẹ̀lì 33 àti ẹnu E pẹ̀lú gbogbo lẹ́ńsì rẹ̀, àmọ́ kó mọ̀ pé fídíò 4K ní férémù 60 ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán dà nù ní ìlọ́po 1.5. *OM System OM-1*, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ stacked, tó sì ní ààbò IP53 lòdì sí omi àti eruku, ni ti ẹni tó ń wọ igbó lọ ya ẹyẹ.

Bí ẹ ó ṣe lò ó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣọ́tà. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́: 1/125 sí 1/160. Ẹni tó ń rìn: 1/250. Ẹni tó ń jó: 1/500. Ẹni tó ń sáré tàbí gbá bọ́ọ̀lù: 1/1000. Ẹyẹ tó ń fò: 1/2000 sókè. Fún ohun tí kò mira, ẹ pín 1 sí gígùn lẹ́ńsì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà inú àtẹ òkè sọ ọ́ di púpọ̀. Mm 50 lórí APS-C ń béèrè bíi 1/80 bí kò bá sí IBIS. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yan ṣọ́tà àti ojú lẹ́ńsì, kí ẹ sì fi ISO sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Ẹ má bẹ̀rù ISO 3200 tàbí 6400. Hóró ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò tó fà nítorí ṣọ́tà tó lọ́ra kò ṣeé tún ṣe.

Kámẹ́rà kò mọ àwọ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló fẹ́ sọ di eérú. Bí aláwọ̀ dúdú bá wọ aṣọ funfun, tàbí tó dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á sì dúdú jù. Ẹ yí bọ́tìnnì + àti − sí +0.7 tàbí +1. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì dúdú, kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un jù, awọ á funfun bí ẹni fi eérú pa á, dídán rẹ̀ á lọ, −0.7 ló ń dá a padà. Ẹ tan àmì abilà tí mẹ́nù ń pè ní Zebra, kí ẹ gbé e sí 100. Ibi tí abilà bá ti hàn ni funfun ti ń kọjá ààlà. Bó bá bo aṣọ funfun káàkiri, ẹ rọra dín in títí tí yóò fi ku díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti ṣe tán, ní ìpín 256 láti dúdú dé funfun fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW oníbíìtì 14 ní 16,384. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ààyè láti tún ojú tó ṣú ṣe.

Fún fókọ́ọ̀sì, ẹ gbé e sí AF-C tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn, èyí tí Canon ń pè ní Servo, kí ẹ sì tan wíwá ẹyinjú. Bí èèyàn bá pọ̀ nínú àwòrán, kámẹ́rà lè mú ojú ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ fi àpótí fókọ́ọ̀sì kékeré sórí ẹni tí ẹ fẹ́ ná; ẹyinjú rẹ̀ ni yóò wá kọ́kọ́ wá. Ẹ sì má fi f/1.8 ṣe gbogbo nǹkan nítorí pé lẹ́ńsì ní in. Pẹ̀lú mm 85 lórí full frame, tí ẹni náà bá wà ní mítà 2 sí yín, ohun tó mọ́ kedere ní f/1.8 kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Bó bá yí ojú díẹ̀, ẹyinjú kan á mọ́, èkejì á ṣú. Ní f/4, ó di bíi 13. Èèyàn méjì tó dúró pọ̀: f/4. Ìlà méjì: f/5.6 sí f/8, kí fókọ́ọ̀sì wà lójú ẹni iwájú.

Lábẹ́ iná mànàmáná tó ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, iná ń ṣẹ́jú nígbà 100. Ẹ lo 1/50 tàbí 1/100. Níbi tó jẹ́ 60, ẹ lo 1/60 tàbí 1/125. Bí ìlà bá ṣì ń hàn, ẹ kúrò lórí ṣọ́tà aláìdún, kí ẹ sì tan Anti-flicker.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi í bá fláàṣì inú ilé ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e sí 1/160, f/8, ISO 100, síkírìnì wá dúdú pátápátá. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń fi hàn, kò mọ̀ pé fláàṣì ń bọ̀. Ẹ pa á nínú mẹ́nù: Sony ń pè é ní Setting Effect, Canon ní Exposure simulation, Fujifilm ní Preview Exp./WB in Manual Mode. Tí ìlà dúdú bá wà nísàlẹ̀ fọ́tò, ṣọ́tà ti yára ju ti fláàṣì lọ. Ẹ padà sí 1/200 tàbí 1/160.

Fún fídíò, ìlọ́po méjì iye férémù ni ṣọ́tà: férémù 25, 1/50. Ní oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù fún 1/50, gíláàsì ND ni ojútùú rẹ̀. Káàdì V30 ń ṣèlérí pé kò ní lọ́ra ju mẹ́gábáìtì 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, V60 sì ń ṣèlérí 60. Ẹ wo ìwé kámẹ́rà yín kí ẹ tó rà.

Eruku kò ṣeé yẹra fún lórí aláìnídígí. Tí ẹ bá fẹ́ pa lẹ́ńsì dà, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí lẹ́ńsì kejì ti ṣí sílẹ̀ dè é. Lóṣooṣù, ẹ gbé ojú lẹ́ńsì sí f/16, ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun láìsí fókọ́ọ̀sì. Àmì dúdú róbótó tí kò kúrò lójú kan nínú fọ́tò méjì jẹ́ eruku. Rọ́bà tí ẹ ń tẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ á ta sí i. Ẹ má sì lo afẹ́fẹ́ inú agolo, torí omi tútù inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀. Ìdánwò f/16 yìí kan náà ni kí ẹ ṣe lójú ẹni tó fẹ́ ta àlòkù fún yín, kí ẹ sì fi ìdérí bo lẹ́ńsì, kí ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá 10 nínú òkùnkùn. Àmì tó bá ń tàn pupa tàbí aláwọ̀ ewé níbẹ̀ jẹ́ píksẹ̀lì tó ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìlà gígùn, lésà ti ṣeé ṣe kó kọjá níbẹ̀. Ẹ má rà á.